Ta ni Douglas Dúdú? Àlàyé lórí Sà James Douglas àti ìdílé rẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìtàn ilẹ̀ Skọ́tláńdì láti ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún yóò máa bá orúkọ kan pàdé títí tí yóò fi dàrú mọ́ ọn lójú. William Douglas kan kú sẹ́wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, William Douglas mìíràn bá ogun lọ ní 1333, ìkẹta pa ìkẹrin nínú igbó ní 1353, ọba sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún òmíràn lọ́bẹ ní 1452. Láàárín gbogbo wọn ni ọkùnrin kan wà tí àwọn kan ń pè ní Sà James Rere, tí àwọn mìíràn ń pè ní Douglas Dúdú. Ìdílé kan sì tún wà tí wọ́n ń pè ní àwọn Douglas Dúdú, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ńṣe ni oyè ìdílé náà ti ọwọ́ James bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, tó sì ń lọ tààrà bẹ́ẹ̀ láti bàbá sí ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, bí a ó ti rí i.

Ilẹ̀ ni Douglas kí ó tó di orúkọ ènìyàn. Àfonífojì kan ni, ní ẹkùn Lanark ní gúúsù Skọ́tláńdì, tí odò kékeré kan ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá; ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gaelic ni "omi dúdú". Ẹni tó bá ni ilẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Olóyè Douglas. William, James, Archibald àti Hugh ni orúkọ tí wọ́n ń sọ àwọn ọmọkùnrin ìdílé náà láti ìran dé ìran, nítorí náà orúkọ nìkan kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Àlàjẹ́ ni wọ́n fi ń yanjú rẹ̀: William Aláyà, Hugh Ọ̀dẹ̀, Archibald Òǹrorò. Ẹni tó bá di àlàjẹ́ wọ̀nyí mú kò ní ṣìnà.

William Aláyà ni bàbá James. Òun ni olórí ilé olódi Berwick ní 1296, nígbà tí Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ya wọ ìlú náà tó sì pa àwọn ará ìlú nípakúpa. William jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ó búra fún ọba, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, ó ti wà lára àwọn ọlọ́lá tó kọ́kọ́ lọ dara pọ̀ mọ́ William Wallace, tó ń ṣáájú ọ̀tẹ̀ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún mú un, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Tower ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Edward gba ilẹ̀ Douglas, ó fi í ta Robert Clifford, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ́rẹ.

Ìyàwó méjì ni William fẹ́, kò sì yẹ kí a fo ibí yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdílé náà ti pín. Ìyá James ni Elizabeth Stewart, ọmọ Ìríjú Àgbà ilẹ̀ Skọ́tláńdì. Láti agbo ilé àwọn Ìríjú yìí kan náà ni àwọn ọba Stewart yóò ti jáde ní 1371. Nígbà tó yá, William jí opó ọlọ́rọ̀ kan gbé, Eleanor, ìyàwó olóògbé William de Ferrers, ó sì sọ ọ́ di aya rẹ̀. Ìwà ipá gbáà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba Gẹ̀ẹ́sì gba owó ìtanràn tó sì fi ọwọ́ sí ìgbéyàwó náà nígbẹ̀yìn. Eleanor bí Hugh àti Archibald. Ọbàkan James ni wọ́n, wọn kì í ṣe iyèkan rẹ̀, ọ̀dọ̀ Archibald yìí ni oyè ńlá ìdílé náà yóò sì gbà kọjá nígbà tí James kò bá sí mọ́.

Wọ́n bí James ní nǹkan bí ọdún 1286. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ di wàhálà, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Paris, ibẹ̀ ni ìròyìn ikú bàbá náà sì bá a, tó di ọmọ òrukàn tí kò ní ilẹ̀ tí kò sì ní owó. Nígbà tó padà délé, William Lamberton, bíṣọ́ọ̀bù St Andrews, gbà á sọ́dọ̀. James ni ó máa ń gé ẹran fún un nídìí oúnjẹ, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́lá ní ìwà nígbà náà. Ní 1304, bíṣọ́ọ̀bù mú un lọ síwájú Edward, tó dó ti ilé olódi Stirling, ó ní kí ọba gbà á bí ìránṣẹ́, kí ó sì dá ogún bàbá rẹ̀ padà fún un. Ọba fara balẹ̀ títí ó fi gbọ́ ọmọ ẹni tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ṣe. Ó ní ọ̀tá òun ni bàbá rẹ̀, ẹ̀wọ̀n òun ni ó sì kú sí, òun ti fi ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, kí ó wá ilẹ̀ níbòmíràn.

Lójú tèmi, ẹni tó bá gbàgbé ọjọ́ yìí kò lè lóye ohun tí James ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn akọni tó jà fún òmìnira ilẹ̀ rẹ̀, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ogún bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi dù ú ni ó kọ́kọ́ lé e wọ inú ogun. Ní oṣù kejì ọdún 1306, Robert Bruce pa John Comyn, tí wọ́n jọ ń fojú sí ìtẹ́, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Dumfries, ó sì gba ọ̀nà Scone lọ láti lọ jọba. James lọ dè é lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ fún un. Ìjọba ni ẹnì kìíní ń wá, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni ẹnì kejì ń wá, ọwọ́ ọba kan náà ni méjèèjì sì wà. Wọ́n fi Bruce jọba ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta. Kí ó tó di ìparí oṣù kẹfà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tú ogun rẹ̀ ká ní Methven, ọba àti ìjòyè sì di ẹni tó ń sá kiri orí òkè. James ni ó ń dẹ ẹran ìgbẹ́ tó sì ń pa ẹja fún àwọn obìnrin tó bá wọn sá.

Ohun tó ṣe ní Douglas ní 1307 ni ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn. Ó yọ́ wọ ìlú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn méjì péré. Thomas Dickson, tó ti sin bàbá rẹ̀ rí, fi í pamọ́ sílé, ó sì ń mú àwọn olóòótọ́ wá bá a lóru ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, àwọn ọmọ ogun Clifford tó ń ṣọ́ ilé olódi jáde lọ sí ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Saint Bride. Àwọn ènìyàn James ti wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ àgbẹ̀ bo idà mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ké "Douglas!" kí àkókò tó tó, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lọ sí ilé olódi, tí ó ku alásè àti ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà nìkan níbẹ̀, wọ́n jókòó ti oúnjẹ tí wọ́n ti sè de àwọn ọmọ ogun, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n kó ohun tí wọ́n lè kó. Wọ́n da àlìkámà, ìyẹ̀fun àti ọkà tó kù sórí ilẹ̀ yàrá ìpamọ́ oúnjẹ, wọ́n fọ́ àgbá ọtí wáìnì lé e, wọ́n bẹ́ orí àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú sórí rẹ̀. Wọ́n ju iyọ̀ àti òkú ẹṣin sínú kànga, wọ́n sì ti iná bọ ilé. "Àká Oúnjẹ Douglas" ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọjọ́ náà. Ilé bàbá rẹ̀ ni ó sun yìí, ilé tó ń tìtorí rẹ̀ jà. Ó mọ̀ pé òun kò lè gbà á kí òun sì dì í mú, nítorí náà ó bà á jẹ́ kí ọ̀tá má baà rí ibẹ̀ gbé.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ibi tí ìtàn wọ̀nyí ti wá. John Barbour, àlùfáà àgbà kan ní Aberdeen, ni ó kọ èyí tó kún jù lọ, nínú ewì gígùn tó kọ ní nǹkan bí ọdún 1375, èyí tó ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn ikú James. Ìyìn Bruce àti Douglas ni Barbour ń kọ, kì í ṣe ẹjọ́ wọn ni ó ń dá, nítorí náà bí òun pàápàá bá sọ pé James bẹ́ orí àwọn tó wà ní ìgbèkùn, kò sí ìdí tí a ó fi rò pé ọ̀tá ló parọ́ mọ́ ọn. Òun náà ni ó júwe ìrísí rẹ̀: àwọ̀ ojú rẹ̀ dà bí eérú díẹ̀, irun rẹ̀ dúdú, ó tínrín ṣùgbọ́n ó légungun, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo díẹ̀ bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Barbour ní ó yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, pé bí Hector ará Troy, akọni inú ìtàn àtijọ́, ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ méjèèjì wá rọrùn. Àwọn ará Skọ́tláńdì ni ó ń pè é ní James Rere, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìhà ààlà ni ó ń pè é ní Douglas Dúdú. Irun orí rẹ̀ lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló gbé e gbayì. Wọ́n ní àwọn ìyá ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi orúkọ náà pa ẹkún ọmọ lẹ́nu. Ẹnì kan náà ni. Ó sinmi lórí apá ibi tí ilé rẹ wà sí ààlà.

Ìtàn ogun rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè kà tán níhìn-ín. Ní oṣù kejì ọdún 1314, ní alẹ́ ọjọ́ àríyá tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ó gba ilé olódi Roxburgh: àwọn ènìyàn rẹ̀ da aṣọ dúdú bora, wọ́n ń rákò lọ bí agbo màlúù, àwọn aṣọ́de sì ń wò wọ́n láti orí odi, wọ́n ń bú àgbẹ̀ tó fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ níta lóru. Àkàbà okùn tó ní ìkọ́ irin ni wọ́n fi gun odi náà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ogun Bannockburn, níbi tí Bruce ti fún un ní oyè ọlọ́lá tí a fi ń pe jagunjagun ní Sà. Nígbà tí ogun sì tú, James fi nǹkan bí 60 ẹlẹ́ṣin lé Edward Kejì dé Dunbar, kò jẹ́ kí ó simi. Ní 1319, ó wà lára àwọn tó ṣẹ́ ogun àwọn ará Yorkshire ní Myton. Ní 1327, ó já wọ ibùdó àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Stanhope lóru, ó ń gé okùn àgọ́, ó sì ku díẹ̀ kí ó mú Edward Kẹta, tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ nígbà náà. Ọdún kejì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì buwọ́ lu àdéhùn tó gbà pé ọba ni Bruce.

Ṣáájú ìyẹn, ní 1324, Bruce ti fún James ní ìwé àṣẹ tó fi ilẹ̀ Douglas àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn múlẹ̀ fún un, tó sì fún un ní agbára láti máa dá ẹjọ́ lórí wọn. Ọba fi òrùka tó ní òkúta émérálídì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ogún ọdún gbáko ni ó wà láàárín ọjọ́ tí Edward lé e dànù ní Stirling àti ọjọ́ òrùka yìí.

Bruce kú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1329. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti lọ sí ogun ẹ̀sìn, kò sì rí i ṣe, nítorí náà ó ní kí wọ́n yọ ọkàn òun lẹ́yìn ikú, kí wọ́n gbé e lọ. James ni wọ́n yàn. Wọ́n fi ọkàn náà sínú àpótí fàdákà kékeré tó fi kọ́ ọrùn, ó wọkọ̀ ní 1330, ó yà ní Sluys ní ilẹ̀ Flanders, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Sípéènì, níbi tí Alfonso Kọkànlá, ọba Castile, ti ń bá ìjọba Mùsùlùmí Granada jagun. Barbour sọ pé jagunjagun kan tí àpá idà kún ojú rẹ̀ rí James ní Seville, ó yà á lẹ́nu pé ojú akọni tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ ń dán láìní àpá kan. James dá a lóhùn pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun ti ń ní ọwọ́ tí òun fi ń dáàbò bo orí òun.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1330, níwájú ilé olódi Teba, ọwọ́ náà kò tó mọ́. James lé àwọn ọ̀tá jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ, ó rí i pé wọ́n ti ká William Sinclair, ọ̀kan nínú àwọn tó bá a wá, mọ́ àárín, ó yí padà láti gbà á sílẹ̀, wọ́n sì pa á pẹ̀lú rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìtàn sọ. Wọ́n ní ó ju ọkàn Bruce síwájú ogun, tó ní kí ó ṣíwájú bí ó ti máa ń ṣe, kí òun tẹ̀lé e. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ lára ewì Barbour. Àwọn ará ẹ̀yìn ni ó fi kún un. Ohun tó dájú ni pé wọ́n rí ọkàn náà, wọ́n sì gbé e padà wá sin ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Melrose. Ní 1996, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àpótí òjé kan jáde níbẹ̀ tí ọkàn ènìyàn wà nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé ti Bruce ni, wọ́n sì tún un sin ní 1998. Láti ìgbà ikú James ni ọkàn pupa ti wà lára àmì tí àwọn Douglas ń yà sára asà wọn, lábẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta.

Ta ni ó wá jogún rẹ̀? Àkọsílẹ̀ kankan kò dárúkọ ìyàwó fún James. Ọmọ méjì ni a mọ̀ tó fi sílẹ̀. William, tó gba oyè lẹ́yìn rẹ̀, kú ní ọ̀dọ́ ní ogun Halidon Hill ní 1333, níbi tí Archibald, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ adelé ọba, ti kú pẹ̀lú. Ọmọ kejì náà ń jẹ́ Archibald, òun ni Òǹrorò, ṣùgbọ́n wọn kò bí i nínú ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí bàbá bá ti jẹ́wọ́ rẹ̀ ti di ọmọ, ogún kàn án. Lábẹ́ òfin wọn nígbà náà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè jogún oyè bàbá rẹ̀ àyàfi tí ìwé ọba bá dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà oyè lọ sọ́wọ́ Hugh Ọ̀dẹ̀, ọbàkan James, tó jẹ́ àlùfáà. Ní 1342, Hugh yọ̀ǹda rẹ̀ fún William, ọmọ Archibald adelé. William yìí ni ó di Ẹ́ẹ̀lì Douglas àkọ́kọ́ ní 1358, oyè ìjòyè ńlá tó tẹ̀ lé ìdílé ọba. Ọmọ ọbàkan James ni, kì í ṣe ọmọ James. Òun náà ni ó pa William Douglas kejì, Olóyè Liddesdale, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ láti ẹ̀ka mìíràn, nínú igbó Ettrick ní 1353.

Ìwé 1342 yẹn ní ẹ̀ka kan tó wá ṣe pàtàkì: ó sọ pé bí àrólé ọkùnrin bá tán, kí ogún náà bọ́ sọ́wọ́ Archibald Òǹrorò nígbẹ̀yìn. Ní 1388, Ẹ́ẹ̀lì kejì, James ọmọ William, kú ní Otterburn ní ogun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣẹ́gun, kò sì ní ọmọ tí òfin mọ̀. Ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ọwọ́ sí ìwé náà ní 1389, Archibald sì di Ẹ́ẹ̀lì kẹta. Ó ti tó ọkùnrin tirẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà: òun ni Olóyè Galloway, ó kọ́ ilé olódi Threave, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ ìgbèkùn lẹ́yìn ogun Poitiers ní 1356, nígbà tí ọmọ ìlú rẹ̀ kan gbá a létí níwájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó jí ìhámọ́ra ọ̀gá rẹ̀ wọ̀ ni. Wọ́n gbà á gbọ́, nítorí pé Archibald kò fi ojú jọ ọlọ́lá.

Ìgbà yìí ni ìdílé náà pín sí méjì. Àwọn ọmọ Archibald Òǹrorò ni Douglas Dúdú. Ẹ̀ka kejì wá láti ọ̀dọ̀ George, tí Ẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ bí fún Margaret Stewart, Olóyè Angus lóbìnrin, láìsí ìgbéyàwó láàárín wọn. Àwọn ni Ẹ́ẹ̀lì Angus, tí a ń pè ní Douglas Pupa. Ẹ̀ka méjèèjì ni ó ti ọ̀dọ̀ ọmọ tí òfin kò kà sí jáde. Àwọn Dúdú lágbára títí tí ọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù wọn: wọ́n bẹ́ orí Ẹ́ẹ̀lì kẹfà, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àti àbúrò rẹ̀ ní Edinburgh ní 1440, James Kejì fúnra rẹ̀ gún ẹ̀kẹjọ lọ́bẹ ní Stirling ní 1452, ogun ọba sì fọ́ ìyókù ní Arkinholm ní 1455. Àwọn Pupa wà lẹ́yìn ọba, ọwọ́ wọn ni ilẹ̀ Douglas bọ́ sí.

Ní ti James fúnra rẹ̀, wọ́n se òkú rẹ̀ ní Sípéènì títí ẹran fi kúrò lára egungun, wọ́n sì kó egungun náà wá sílé. Ṣọ́ọ̀ṣì Saint Bride ní Douglas ni wọ́n sin ín sí, níbi kan náà tó ti fa idà yọ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Archibald, ọmọ tí kò lè jogún rẹ̀, ni ó ṣe ibojì alábásítà lé e lórí.